Owó Ọjà Kì Í Ṣe Owó Kápúsù: Ọ̀rọ̀ Lórí "Antioxidant" àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Wa

 Ẹ kú ọjà o. 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, torí pé àwọn kan nínú wa ló ń ta ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ọjà kan náà la jọ ń ná, òjò kan náà ló ń pa wá. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá rí ohun tó ń jẹ wá lówó, tó sì tún lè gba ẹ̀mí ẹni, kò yẹ ká máa wò ó níran.

Ohun náà ni àwọn ìgò kápúsù tí wọ́n ń pè ní "antioxidant". Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìsọ̀ tí wọn ò tíì gbé e dé. Ẹni tó ń tà á á wọ kóòtù funfun bíi dọ́kítà, á na àwòrán ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ sí wa lójú, á ní kọlẹ́sítẹ́rọ̀ ló ń pa àwọn èèyàn lójijì. Á wá ní kápúsù méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, á fọ gbogbo ọ̀rá inú iṣan mọ́, bí ẹní fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ìkòkò. Tí a bá ní kò sówó, á ní ká san án díẹ̀díẹ̀, tàbí ká wá máa bá òun tà á, pé ti tiwa á di ọ̀fẹ́.

Kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀, èrò tèmi rèé. Kápúsù antioxidant kì í mú kọlẹ́sítẹ́rọ̀ wálẹ̀, kì í sì í dènà ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀. Wọ́n ti dán an wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ọ̀rọ̀ àbá kọ́. Owó tí à ń kó lé e lórí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ká fi ṣe, oògùn tí dọ́kítà bá kọ ló yẹ ká fi rà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ló yẹ ká fi jẹ. Ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ wa fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà, kó má jẹ́ pé kálukú á máa dá ṣe tiẹ̀.

KÍ NI KỌLẸ́SÍTẸ́RỌ̀ GAN-AN?

Kọlẹ́sítẹ́rọ̀ kì í ṣe májèlé. Ọ̀rá kan ni tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀. Ara ń lò ó láti fi kọ́ ara, ó ń lò ó láti fi ṣe àwọn ohun tó ń jẹ́ kí obìnrin rí nǹkan oṣù, kó sì lóyún. Ẹni tí kò bá ní kọlẹ́sítẹ́rọ̀ rárá kò lè wà láyé. Ìgbà tó bá pọ̀ jù lọ́rọ̀ di wàhálà.

Gbogbo wa la mọ̀ pé epo kì í bá omi pò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ara máa ń dì í bí ẹrù kó tó lè gbé e kiri. Ẹrù oríṣi méjì ni ẹ óò máa rí nínú ìwé àyẹ̀wò. Èkíní ni LDL. Ẹ fi wé ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ọjà kúrò ní ẹ̀dọ̀ lọ sí gbogbo ara. Tí ọkọ̀ bá pọ̀ ju àwọn tó ń gba ẹrù lọ, ẹrù á bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, á máa lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, títí ọ̀nà á fi há. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí nínú ọkàn, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Tó bá dí nínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Èkejì ni HDL. Ìyẹn dà bí àwọn tó ń gbálẹ̀ ọjà wa nírọ̀lẹ́: ó ń kó èyí tó ṣẹ́ kù padà sí ẹ̀dọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe LDL ní èyí tí kò dára, tí wọ́n sì ń pe HDL ní èyí tó dára.

Ní ọdún 1985, wọ́n fún àwọn dọ́kítà ará Amẹ́ríkà méjì, Michael Brown àti Joseph Goldstein, ní ẹ̀bùn Nobel, torí àwọn ló rí ohun tó dà bí ilẹ̀kùn lára ẹ̀dọ̀, èyí tí ẹ̀dọ̀ fi ń fa LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀kùn yìí kò bá tó lára ẹ̀ látìgbà ìbí, LDL ẹ̀ á ga, ì báà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Kí á má wò ó pé àwọn tó sanra nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ti àwa obìnrin tún ní tiẹ̀: tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, LDL sábà máa ń gòkè. Púpọ̀ nínú wa tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló wà nídìí yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: kọlẹ́sítẹ́rọ̀ tó ga kì í dunni. Kì í fọ́ni lórí, kì í rinni lẹ́sẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn máa ro ni. Ẹni tó bá dé ìsọ̀ yín tó ní, "Mọmí, ẹsẹ̀ tó ń ro yín yẹn, kọlẹ́sítẹ́rọ̀ ni," irọ́ ló ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ kékeré kiri, tí wọ́n á ní kí ẹ di irin mú, tí iná á máa ṣẹ́jú, tí wọ́n á ní ó ti ka gbogbo ara yín. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kọlẹ́sítẹ́rọ̀ wà. Wọn ò lè mọ iye ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gba ẹ̀jẹ̀.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ ANTIOXIDANT TI WÁ

Ká má parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ antioxidant ní ìdí. Ìyá elépo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Tí epo bá pẹ́ nínú oòrùn, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, adùn ẹ̀ á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ̀pà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ló ń bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé LDL tó bá wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ náà máa ń bàjẹ́ báyẹn, pé èyí tó bàjẹ́ yìí ló ń dá ègbò síbẹ̀. Wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí epo tètè bàjẹ́: fítámì E, fítámì C, àti carotene, ohun tó ń mú kí epo pupa pupa, kí kárọ́ọ̀tì sì yọ bí ọsàn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní antioxidant.

Wọ́n wá rò ó pé, ó dáa, tí a bá kó fítámì wọ̀nyí jọ sínú kápúsù, tí èèyàn ń gbé e mì lójoojúmọ́, ṣé LDL ò ní yé bàjẹ́? Ṣé àrùn ọkàn ò ní dínkù? Àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso púpọ̀ kì í sábà ní àrùn ọkàn tó bíi ti àwọn yòókù, ìyẹn tún mú kí ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n èrò ò tó. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀wà àpò kan kì í wo ojú àpò nìkan, á ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, á bu díẹ̀ wò.

WỌ́N TI BU Ú WÒ

Ní orílẹ̀-èdè Finland, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 jọ, gbogbo wọn ń mu sìgá. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì E, àwọn kan ní carotene, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan sì gba kápúsù tí kò ní nǹkan nínú. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, ẹnu ya gbogbo ayé. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó gbé carotene mì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dúró ní 1996 kó tó parí, torí pé ó ń ṣèpalára fún àwọn tó ń mu sìgá tó wà nínú ẹ̀. Ẹ wò ó, carotene yìí kan náà ló wà nínú epo pupa tí à ń jẹ, kò sì pa wá. Èyí tí wọ́n yọ jáde, tí wọ́n pò ní púpọ̀ sínú kápúsù, ni ìwà ẹ̀ yàtọ̀.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Yunifásítì Oxford ṣe, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2002. Èèyàn 20,536 ni wọ́n kó jọ, àwọn tó ti ní àrùn ọkàn, tàbí àrùn iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí ìtọ̀ súgà. Fún ọdún márùn-ún gbáko, ìdajì wọn ń gbé fítámì E mílígíráàmù 600, fítámì C 250, àti carotene 20 mì lójúmọ́. Ìdajì yòókù ń gbé èyí tí kò ní nǹkan nínú mì. Fítámì náà wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn lóòótọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó ní ìkọlù ọkàn, àwọn tó ní rọpárọsẹ̀, àti àwọn tó kú, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìdajì méjèèjì. Kọlẹ́sítẹ́rọ̀ àwọn tó ń lo fítámì kò wálẹ̀. Ṣe ni LDL wọn tilẹ̀ fi díẹ̀ gòkè sí i.

Nínú àwọn èèyàn kan náà yẹn, wọ́n tún fún ìdajì wọn ní oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ simvastatin, mílígíráàmù 40 lójúmọ́. Ní ti ìyẹn, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dínkù. Èèyàn kan náà, ọdún márùn-ún kan náà: fítámì ò ṣe nǹkan kan, oògùn ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí wo la tún fẹ́?

Ẹlòmíì á ní, "Èmi á lo méjèèjì pọ̀, kó lè yá kíá." Wọ́n ti gbìyànjú ìyẹn náà. Ní 2001, àwọn dọ́kítà kan ní Amẹ́ríkà gbé èsì jáde lórí èèyàn 160 tó ní àrùn ọkàn, tí HDL wọn sì kéré. Àwọn tó lo oògùn nìkan, HDL wọn gòkè dáadáa. Àwọn tó fi kápúsù antioxidant kún oògùn, HDL tiwọn ò gòkè tó bẹ́ẹ̀. Àfikún tó wá ṣe àkóbá fún oògùn nìyẹn.

Ẹ má sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní 2022, ilé ìwòsàn Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà kó èèyàn 190 jọ fún ọjọ́ 28. Wọ́n fi oògùn rosuvastatin kékeré, mílígíráàmù 5, wé kápúsù mẹ́fà tí wọ́n ń tà fún ọkàn: òróró ẹja, aáyù, ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní turmeric, cinnamon, ọ̀rá ara ewéko, àti ìrẹsì pupa ilẹ̀ Ṣáínà. Oògùn mú LDL fi nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Nínú kápúsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ọ̀kan tó mú un wálẹ̀ ju èyí tí kò ní nǹkan nínú lọ. Lọ́dún 2022 yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ àwọn dọ́kítà tó ń gba ará Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn sọ pé kí èèyàn má lo fítámì E tàbí carotene torí pé ó fẹ́ dènà àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ.

ÀWỌN OHUN TÍ WỌ́N Á SỌ FÚN YÍN

Wọ́n á ní, "Ó ṣiṣẹ́ fún èmi." Ẹ bi wọ́n léèrè pé, kí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ sọ kóo tó bẹ̀rẹ̀, kí ló sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Tí kò bá sí ìwé méjì yẹn, kò sí ẹ̀rí. Ara yá gágá yàtọ̀ sí kọlẹ́sítẹ́rọ̀ tó wálẹ̀. Tíì gbígbóná náà ń jẹ́ kí ara yá gágá. Ó tún wọ́pọ̀ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kápúsù á dín ẹran ọlọ́ràá kù, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kápúsù á wá gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣe.

Wọ́n á ní, "Nọ́ńbà NAFDAC wà lára ẹ̀." Ó dáa kó wà, èyí tí kò bá ní ni ká sá fún jù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn kò túmọ̀ sí pé NAFDAC ti rí i pé ó ń wo àrùn kankan. Ẹ yí ìgò náà, ẹ ka kékeré tó wà lẹ́yìn, tàbí kí ẹ fún ọmọ ilé-ìwé kó kà á. Lára ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n kọ ọ́ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Ẹni tó tà á kì í ka ibẹ̀ sí wa létí.

Wọ́n á ní, "Ewé àti egbò ni, oògùn òyìnbó ló ń ba kíndìnrín jẹ́." Àkọ́kọ́ gan-an nínú irú oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ̀ bíi simvastatin, ara ohun tó máa ń hù lára ọsàn tàbí búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni Akira Endo, ará Japan, ti rí i ní nǹkan bí 1973. Ohun tí Ọlọ́run dá náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò, wọ́n mọ iye tó yẹ kí èèyàn lò àti ẹni tí kò yẹ kó lò ó. Mi ò sọ pé kò ní wàhálà. Ó lè mú kí iṣan ara máa ro àwọn kan, wọn kì í sì í sábà fún aboyún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé dọ́kítà ló ń kọ ọ́, tí wọ́n sì máa ń ṣọ́ èèyàn. Ẹni tó ń ta kápúsù kiri, ta ló ń ṣọ́ ẹ fún? Fítámì E púpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá lára ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣé ó bi yín léèrè oògùn tí ẹ ń lò kó tó tà á fún yín?

Ibi tí ọkàn mi ti ń gbọ̀n jù rèé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, tó ń lo oògùn ẹ̀, wọ́n á ní kó dá a dúró, pé kápúsù ti tó. Kò ní mọ nǹkan kan lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á rò pé òun ti yege. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà kì í sábà dunni. Ọjọ́ tó bá máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó máa sọ kì í ṣeé gbọ́ létí. Kò sí ìyá ọjà tí kò mọ ìsọ̀ kan tó ti ilẹ̀kùn pa torí rọpárọsẹ̀, tí àwọn ọmọ fi jókòó sílé láìsanwó ilé-ìwé. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró torí kápúsù ẹnikẹ́ni.

KÍ LÓ WÁ YẸ KÁ ṢE?

Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣeé fọkàn tán, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe "lipid profile". Wọ́n lè ní kí ẹ má jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tí èsì bá dé, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin. Àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ̀: kó má ju 200 lọ. LDL: kó wà ní nǹkan bí 100 tàbí kó dín, tó bá ti ń lọ sí 160, ọ̀rọ̀ ti ń di ti dọ́kítà, tó bá tó 190, ẹ má fi falẹ̀ rárá. HDL ti obìnrin: kó ju 50 lọ. Triglyceride: kó dín ní 150. Ilé àyẹ̀wò míì ń lo òṣùwọ̀n kejì: níbẹ̀, 5.2 ni 200, 2.6 ni 100, 4.9 ni 190. Ẹni tó bá ti ní ìtọ̀ súgà tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, ti tiẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré ju báyìí lọ, dọ́kítà ló máa sọ iye tó jẹ́. Kí ẹ sì ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lọ́jọ́ kan náà.

Èkejì ni oúnjẹ. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde tó kan àwa gan-an. Ní ilé ìwòsàn 15 ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n fi èèyàn 2,118 tó ní rọpárọsẹ̀ wé 2,118 tí kò ní. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí kò dára tẹ̀ lé e. Ẹran jíjẹ nígbà gbogbo wà níbẹ̀, ikùn tó yọ síwájú wà níbẹ̀, ìtọ̀ súgà, ìdààmú ọkàn, iyọ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ tó ti jinná, jíjókòó sójú kan, sìgá. Ó wá ku ọ̀kan: àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù déédéé. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́, rọpárọsẹ̀ ò pọ̀ lára wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀fọ́ ni, kì í ṣe kápúsù. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, úgwú, ewédú. Antioxidant tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wá fún wa, ó wà lórí àtẹ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní ìsọ̀ kejì. Ó sì bá nǹkan míì wá tí kò sí nínú kápúsù: okun inú ewé tó ń dín ọ̀rá kù nínú ìfun, omi, àti àyè ikùn tí ẹran ì bá gbà. Ẹ̀wà náà ń mú LDL wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ ti ṣe ara ẹ̀ lóore.

Ní ti epo, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kí inú ìyá elépo má bàjẹ́. Kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ̀ nínú epo pupa rárá, ara ẹran nìkan ni kọlẹ́sítẹ́rọ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí ìdajì epo pupa jẹ́ irú ọ̀rá tó ń mú kí LDL gòkè. Nítorí náà, ká jẹ ẹ́, ká má wẹ̀ nínú ẹ̀. Tí a bá sì yan án títí ó fi funfun, a ti sun carotene ẹ̀ dànù, ọ̀rá yẹn nìkan la ṣẹ́ kù sí. Ọ̀rá ara ẹran ni ká gé sọnù. Iyọ̀ àti máàgì ni ká dín: gbogbo iyọ̀ tí èèyàn jẹ lójúmọ́ kò yẹ kó ju ṣíbí tíì kan lọ, èyí tó wà nínú máàgì sì wà lára ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ rírìn. Láti 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ti fi àwọn àgbàlagbà Ìdìkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú àgbàlagbà ní ìlú Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Kọlẹ́sítẹ́rọ̀ àwọn ará Ìdìkàn kéré sí ti ará Indianapolis, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ súgà wọn náà ò pọ̀ tó tiwọn. Àwọn ìyá àti bàbá Ìdìkàn yẹn, ta ló ta kápúsù fún wọn? Oúnjẹ ilé ni wọ́n ń jẹ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Àwa tiwa, ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ẹnu ìsọ̀, àga la ń jókòó lé títí ilẹ̀ á fi ṣú, búrẹ́dì àti mínírà la fi ń jẹ ọ̀sán. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí èèyàn fi rìn kánmọ́kánmọ́ lójúmọ́, kò sẹ́ni tó ń gba owó ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí oníṣòwò. Ká ní ìgò kan jẹ́ 15,000 náírà lóṣù. Ní ọdún kan, 180,000 náírà nìyẹn. Owó àpò ọjà ni o! Ẹ lọ béèrè iye tí àyẹ̀wò "lipid profile" jẹ́ ládùúgbò yín, ẹ béèrè iye tí simvastatin oṣù kan jẹ́ ní kẹ́míìsì, kí ẹ fi wé e. Ẹ ò ní bi mí mọ́.

ÀBÁ MI FÚN ẸGBẸ́

Ìyálọ́jà wa àti ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé:

1. Kí ẹnikẹ́ni má gba àyè nínú ìpàdé wa mọ́ láti polówó kápúsù tàbí oògùn, àyàfi tí nọ́ọ̀sì tàbí dọ́kítà ìjọba bá jókòó síbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè.

2. Kí a má fi owó àjọ tàbí owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra kápúsù. Owó ọjà ni owó àjọ.

3. Kí ẹgbẹ́ pe ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí wọ́n wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa, kí wọ́n sì bá wa dúnàádúrà owó àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Tí èèyàn púpọ̀ bá jọ lọ, owó á wálẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe ń ra ọjà nìyẹn.

4. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ta kápúsù, ká má lé wọn. Ká bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dá oògùn dúró. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹgbẹ́ pè é.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, gbèsè ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ti kó ìgò jọ sílé, wọ́n ń wá bí owó ṣe máa padà. Mo bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara aládùúgbò ìsọ̀ ẹni ló yẹ ká ti gba gbèsè padà.

Àwọn baba wa ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Wọn ò sọ pé ọrọ̀ ni ká fi ra ìlera lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ lo oògùn yín, ẹ ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ara yín.

Ẹ kú ọjà o. A ó tà, a ó jèrè, ara wa á sì le láti jẹ èrè náà. Àṣẹ.